Kọ́lá Ògúnmọ́lá: Òṣèré tí ó Fi Ara Sọ̀rọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ ti igbá. Igbá wà nílẹ̀. Ẹni tí kò bá onírèsé láyé lè gbé e sọ́wọ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti wí nípa òṣèré? Òṣèré tí ó jẹ́ pé ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni igbá tí ó ń fín, bí ó bá kú, níbo ni a ó ti rí igbá náà? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí n gbé kálàmù láti kọ nípa Elijah Kọ́láwọlé Ògúnmọ́lá, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ó pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín láti orí ìtàgé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa eré oníṣe Yorùbá ayé òde òní, orúkọ mẹ́ta ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu: Hubert Ògúndé, Dúró Ládípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ti Ògúndé, a rántí Yorùbá Ronú àti wàhálà tí ó bá a rìn ní 1964, a sì rántí àwọn sinimá rẹ̀. Ti Ládípọ̀, a rántí Ọba Kò So, pẹ̀lú iná tí ń jáde lẹ́nu Ṣàngó. Ti Ògúnmọ́lá ńkọ́? Bí a bá ti ní òun ni ó ṣe Láńkẹ́ Ọ̀mùtí, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ kò tí ì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìbí rẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́

Ní ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1925 ni a bí Ògúnmọ́lá ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì. Òkè-Ìmẹ̀sí ni ìlú Fábùnmi, akọni tí kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fi idà ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tíṣà ni ó kọ́kọ́ fi ń jẹun. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí nígbà ìjọba àwọn òyìnbó yóò mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà ìgbà náà kì í ṣe kí á kọ ABD sí ojú pátákó nìkan. Tíṣà ni ó ń kọ́ ọmọ lórin. Òun ni ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọdún bá ń lọ sópin, tí àwọn òbí fẹ́ wá wo eré àwọn ọmọ wọn, ojú tíṣà ni gbogbo ìlú ń wò. Òun ni yóò mú ọmọ tí ń tijú tí yóò sì sọ ọ́ di Ọba Hẹ́rọ́dù.

Láti inú irú iṣẹ́ báyìí ni púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú eré oníṣe wa ti jáde wá. Ògúndé pàápàá ti ṣe tíṣà rí kí ó tó di ọlọ́pàá, kí ó tó wá fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí eré. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 ni Ògúndé gbé eré rẹ̀ lórí ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Hall ní Èkó. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn orin àti ti eré ti mọ̀ pé ènìyàn lè fi eré ṣe iṣẹ́ ṣe. Ògúnmọ́lá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1947 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 22 lọ. Kò fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó iṣẹ́ tíṣà ni ó fi ń bọ́ eré títí eré fi tó bọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ipasẹ̀ Ògúndé ni ó ń tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá ọ̀nà wọ́n yà. Ògúndé fẹ́ràn sasofóònù àti àwọn fèrè òyìnbó mìíràn, ó sì máa ń fi ijó àwọn ọmọbìnrin ṣí eré rẹ̀. Ògúnmọ́lá dín ìyẹn kù, ó gba ìlù àti orin ilẹ̀ wa mú, ó sì gbé ẹrù tí ó kù ka orí òṣèré fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ènìyàn wí pẹ̀lú kò dọ́gba. Bí Ògúndé bá ń bá ayé wí, pàṣán ni ó máa ń yọ. Ògúnmọ́lá ní tirẹ̀ yóò jẹ́ kí o kọ́kọ́ fi ara rẹ rẹ́rìn-ín ná. Ìgbà tí o bá délé ni yóò tó yé ọ pé ìwọ gan-an ni ó ń bá wí.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ eré alárìnkiri kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni yóò kó òṣèré, ìlù, aṣọ, iná àti ẹni tí yóò máa gba owó ní ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá wọ ìlú, wọn yóò lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, wọn yóò sì fi gbohùngbohùn kígbe yí àdúgbò ká. Bí ó bá di alẹ́, gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, kóòtù ìbílẹ̀ tàbí àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì ni wọn yóò ti ṣeré. Tábìlì ni wọ́n sábà máa ń tò pọ̀ di ìtàgé. Bí òjò bá rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, àdánù ni, wọn yóò sì gbéra lọ sí ìlú kejì ní òwúrọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òṣèré wọ̀nyí kò rí ìwé eré sójú rí, nítorí kò sí ìwé. Ọ̀gá ni yóò sọ ìtàn fún wọn, yóò pín ipa fún wọn, wọn yóò sì máa hun ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lálaalẹ́ bí àwọn ònwòran bá ṣe ń dáhùn. Eré tí a rí ní ọjọ́ Ajé kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an pẹ̀lú èyí tí a ó rí ní ọjọ́ Ẹtì. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, a ó sì padà bá a níwájú.

Òṣogbo ni Ògúnmọ́lá wá fi ṣe ibùjókòó. Ìlú kan ṣoṣo yìí ni ó gba òun, Dúró Ládípọ̀ àti Oyin Adéjọbí lálejò. Bí ènìyàn bá ní omi odò Ọ̀ṣun ni ó ń bí òṣèré ní àkókò náà, a kò ní bá a jiyàn púpọ̀.

Irú ẹ̀rín tí ó ń pa wá

Àwọn kan máa ń rò pé ẹ̀rín inú eré oníṣe jẹ́ ohun tí a kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn alárìnjó, eégún apidán tí ó jáde láti ààfin Ọ̀yọ́, ti ń fi ìwà ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí òyìnbó tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sí ilẹ̀ wa. Wọ́n a máa sín Tápà jẹ, wọ́n a máa sín òyìnbó jẹ, wọ́n a sì máa ṣe dìndìnrìn, aṣẹ́wó àti ọ̀mùtí. Ní Ọ̀tà tí í ṣe ìlú Àwórì, níbi tí mo ti dàgbà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn àgbà mọ̀ pé ijó nìkan kọ́. Ẹ̀fẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀, òru Ẹ̀fẹ̀ sì ni a ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọ́dọ̀ sọ ní ọ̀sán. Nítorí náà, nígbà tí Ògúnmọ́lá dìde láti ṣe ọ̀mùtí lórí ìtàgé, ọ̀nà tí ó ti là tipẹ́tipẹ́ ni ó ń tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé ẹ̀kú wọ̀.

Àìgbé ẹ̀kú wọ̀ yìí ni ó fi Ògúnmọ́lá hàn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tí gbogbo wa mọ̀. Bàbá Sàlá kò tí ì ní la ẹnu tí a ó ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí awò ojú ńlá rẹ̀, aago ńlá rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí ó tó dé. Ọgbọ́n ńlá ni ìyẹn náà, a kò sì fi ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n ti Ògúnmọ́lá kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn bíi tiwa ni ó máa ń ṣe: ọkọ, àna, oníṣòwò, ọ̀rẹ́. Aṣọ tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni ó ń wọ̀. Inú ìwà ni ẹ̀rín rẹ̀ ti ń wá, a sì máa wá díẹ̀díẹ̀.

Ìfẹ́ Owó ni ẹ̀rí èyí. Eré náà wà lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1965. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ó ní ìyàwó tí ilé rẹ̀ sì tòrò, tí ó wá lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn tí ó fẹ́ràn owó ju ọkọ lọ. Kò sí iwin nínú eré yìí, kò sí ọba, kò sí ogun. Ilé kan ni, bí ilé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé yín. Gbogbo ìlú tí Ògúnmọ́lá gbé eré yìí dé ni irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ti wà, ó sì dá mi lójú pé ó wà láàárín àwọn ònwòran pẹ̀lú, pé ìyàwó rẹ̀ sì ń fi igbá ìgbọ̀nwọ́ gún un ní ìhà.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá, Ògúnmọ́lá pẹ̀lú wọn. Báyìí ni òṣèré tí ó ti ń sùn sínú ọkọ̀ akẹ́rù ṣe wọ inú yàrá àwọn tí ó lówó láti ra tẹlifíṣàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ohun tí ó bá ti wọ tẹlifíṣàn láyé ìgbà náà ti di ohun ìpamọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn káàkiri àgbáyé, bí eré ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé e jáde, bí wọ́n bá sì gbà á sílẹ̀, wọ́n a máa pa á rẹ́ kí wọ́n lè fi téèpù náà gba òmíràn.

Yunifásítì Ìbàdàn àti Láńkẹ́ Ọ̀mùtí

Ibi tí a dé yìí kan àwa tí a wà ní yunifásítì gan-an. Ní 1962, ọdún tí Yunifásítì Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ eré oníṣe sílẹ̀ níbẹ̀, Geoffrey Axworthy sì ni olórí rẹ̀. Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe ìrànlọ́wọ́ owó. Nínú owó yìí ni wọ́n ti pe Ògúnmọ́lá wá láti wà pẹ̀lú wọn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ rò ó wò: tíṣà ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tí kò ka ìwé eré ṣíṣe gboyè, tí ó ti fi ọdún 15 ṣeré lórí tábìlì tí a tò pọ̀, ni yunifásítì ránṣẹ́ pè. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ wá kọ́ ọ nìkan. Àwọn náà fẹ́ kọ́ lára rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ti inú oṣù mẹ́fà náà jáde ni Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Ìwé tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, The Palm-Wine Drinkard, tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ni Ògúnmọ́lá sọ di eré Yorùbá. A mọ ìtàn náà: ọkùnrin kan tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ẹmu mímu lọ pàdánù adẹ́mu rẹ̀, ó sì gbéra láti lọ wá a dé ìlú àwọn òkú. Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ni ó ṣe ètò ìtàgé àti aṣọ. Ní 1963 ni wọ́n gbé eré náà jáde ní gbọ̀ngàn eré yunifásítì náà, kí ó tó di ohun tí ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá ń gbé kiri.

Ògúnmọ́lá kò kàn gbé ìwé Tutùọlá sórí ìtàgé bẹ́ẹ̀. Ó ṣe àyípadà kan tí ó ṣe pàtàkì. Nínú ìwé, ìrìn àjò náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Nínú eré, àlá ni: ọ̀mùtí mu ẹmu yó, ó sùn lọ, ó sì rin ìrìn àjò náà lójú oorun. Àwọn kan lè sọ pé èyí dín agbára ìtàn náà kù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òṣèré tí ó ń wá ẹ̀rín nínú ìwà ènìyàn kò lè jẹ́ kí iwin gba eré mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ó ti sọ ìrìn àjò náà di àlá, ọ̀mùtí fúnra rẹ̀ ni ó kù láàárín ìtàgé: àwọn iwin di ohun tí ẹmu ń ṣe fún un, ẹ̀rù tí ó ń bà á sì di ẹ̀rù ẹni tí ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ti fi ayé òun ṣòfò. A ń rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Láńkẹ́.

Ní 1968, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Robert Armstrong, Robert Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ takuntakun ni, ó sì yẹ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí bí kò bá sí wọn, ọ̀rọ̀ inú eré náà ì bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti orin ni ìwé lè gbà. Kí ni ìwé fẹ́ ṣe sí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí?

Ohun tí mo rí ní Sàngó

Nígbà tí wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí eré alárìnkiri, mo wá Ògúnmọ́lá lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń ta sinimá Yorùbá ní Sàngó Ọ̀tà. Mo rí Ògúndé níbẹ̀. Mo rí Bàbá Sàlá. Èmi kò rí Ògúnmọ́lá. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí sinimá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Àjàní Ògún, kò jáde títí di 1976, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó ta ọjà fún mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ibi tí n kò rò ni mo ti rí i. Sàngó Ọ̀tà, bí ẹ ti mọ̀, jẹ́ ìlú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ni ó kó ènìyàn jọ síbẹ̀ láti Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá àti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n ń dá àwọn ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ni wọ́n ti wá síbẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo ń kọ sínú ìwé. Mo ní Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn rí Láńkẹ́ ní Òṣogbo nígbà tí àwọn kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jọ ara wọn. Wọ́n rántí orin kan dé ìdajì, wọ́n gbàgbé ìyókù. Ni wọ́n bá di ògiri mú, wọ́n dìde. Wọ́n ní kí n máa wo ẹsẹ̀ àwọn. Èmi ti rò pé ọ̀mùtí yóò máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ bí a ti ń rí i nínú sinimá. Bàbá kò ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó gbé ẹyin sórí, wọ́n sì ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí Bàbá ṣe rántí rẹ̀, Láńkẹ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ti yó. Gbogbo agbára rẹ̀ ni ó fi ń ṣe bí ẹni tí ojú rẹ̀ dá. Nígbà tí Bàbá dé ìdí àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga, níbi tí kò sí nǹkan kan, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ lórí ìtiju, bí ọ̀tọ̀kùlú tí ó jókòó tán.

Àwọn ọmọdé àdúgbò ti pé jọ nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ òru dúró pẹ̀lú báàgì oúnjẹ wọn. Gbogbo wa ni a bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó mọ Ògúnmọ́lá nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohun tí Bàbá ń ṣe. Ó ti yé wọn. Orúnkún Bàbá kò gbà wọ́n mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì gbá wọn mú kí wọ́n tó jókòó sórí àga ní tòótọ́. Mo rò pé ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Igbá tí òṣèré fín wà nínú ara àwọn tí ó wò ó. Lóòótọ́, èmi kò lè búra pé bí Ògúnmọ́lá ṣe rìn gẹ́lẹ́ ni Bàbá ṣe rìn. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìrìn kan wọ ara ọmọ Òṣogbo kan láyé àná, ọ̀pọ̀ ọdún ní ìdí ẹ̀rọ kò sì lè yọ ọ́ kúrò.

Algiers, àìsàn àti ikú

Ní oṣù keje ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe àjọ̀dún àṣà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ìlú Algiers ní Àlùjíríà. Eré Láńkẹ́ ni Nàìjíríà gbé lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wò ó níbẹ̀, èdè Lárúbáwá tàbí Faransé ni wọ́n ń sọ. Ẹ ó rí i pé òṣèré tí ara rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni ó yẹ irú ibẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìrìn àjò yìí ni àìsàn ẹ̀gbà kọlù ú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sáré kọjá níbí. Bí ẹ̀gbà bá mú akọ̀wé, ó lè pe ẹlòmíràn kí ó máa bá a kọ ọ́. Bí ó bá mú oníṣòwò, ọmọ rẹ̀ lè dúró ní ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ara ṣe iṣẹ́, ta ni yóò rán? Ìtàgé pàdánù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Síbẹ̀ kò gba kámú. Ní 1972 ó tún padà sí ìdí eré. Ìpadàbọ̀ náà kò pẹ́. Ní 1973 ó jáde láyé. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 50.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Ìtàn àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé àwòrán nìkan kọ́ ni ìgbàlà. Bàbá Sàlá ní tirẹ̀ bá ìgbà sinimá pàdé. Ní 1982 ó gbé Ọ̀run Mooru jáde, Ọlá Balógun sì ni ó darí rẹ̀. Àwọn olè ẹ̀dà kó o lọ tà kí ó tó jèrè rẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó kú ní 2018. Ògúnmọ́lá kò bá sinimá láyé. Bàbá Sàlá bá a láyé, wọ́n sì jí i mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì pa wá lẹ́rìn-ín. Àwa ni a jẹ àwọn méjèèjì ní gbèsè.

Báwo ni a ó ti san án? Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, ìwé ni a fi ń kọ́ nípa eré. A ń ka Ìfẹ́ Owó, a ń tú orin inú rẹ̀, a ń wá àfiwé àti àwítúnwí, a sì ń gba máàkì. Èmi kò sọ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé eré tí a kà kì í ṣe gbogbo eré tí ó ṣẹlẹ̀. Karin Barber bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, ó bá wọn ṣeré, ó sì kọ ìwé ńlá lórí bí wọ́n ṣe ń hun eré wọn. A tẹ ìwé náà ní 2000. Òyìnbó ni ó ṣe é. Kò sí ohun tí ó ní kí ọmọ tí a bí sí àárín Yorùbá má ṣe irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí Láńkẹ́ jáde ní 1963, ọdún 1948 ni a bí i. Ó ti ń sún mọ́ 80 báyìí. Orúnkún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní dúró dè wá kí a fi parí ìdánwò. Fóònù tí ó wà nínú àpò wa lè gba àwòrán àti ohùn; a ń fi gba orin àti ayẹyẹ lójoojúmọ́. Àbá tí mo ní fún ẹgbẹ́ wa ni pé kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń lọ sílé fún ìsinmi wá àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ó rí eré alárìnkiri rí. Kì í ṣe Ògúnmọ́lá nìkan. Ìbáà ṣe Ládípọ̀, ìbáà ṣe Adéjọbí, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan. Kí a gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí a má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ nìkan. Kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi hàn wá, bí ara wọn bá gbà á. Kí a kó gbogbo rẹ̀ wá sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn olùkọ́ wa bá wa pa á mọ́ pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí a gbà á.

Kí a má sì ṣe rò pé abúlé nìkan ni irú àgbà bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n wà ní ìdí géètì ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà, ní Agbára àti ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdẹ alẹ́, tí a ń kí wọn tí a sì ń kọjá lọ. Ní ọjọ́ tí a bá mọ̀ pé ilé ìkàwé ni wọ́n, a ó kọ́ láti dúró.

Ògúnmọ́lá, ó di gbéré. Èyí tí o fín sílẹ̀ kò tí ì parun. Ọwọ́ wa ni ó wà báyìí.